Irvine Sellar, ilé Shard, àti ìbéèrè lórí ìpín kékeré nínú dúkìá ńlá

Ọmọ Ọ̀fà ní Camberwell

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí, ṣùgbọ́n èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi yóò gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyàwó mi sì ń tọ́jú àwọn arúgbó. Láàárín ọdún mọ́kànlá, nípasẹ̀ àjọ tí a ń dá pẹ̀lú àwọn ará ìlú wa àti iṣẹ́ àṣekún, a ti kó 68,000 pọ́n-ùn jọ. A wá rí ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ kan ní Thornton Heath tó ní àjà méjì lórí, èyí tí a lè tún ṣe kí ìsàlẹ̀ ṣì jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, kí òkè sì di ilé gbígbé méjì. 410,000 pọ́n-ùn ni ẹni tó ni ín ń pè é, àtúnṣe rẹ̀ kò sì ní dín ní 90,000.

Owó wa kò tó, ọ̀nà méjì péré ló sì wà níwájú wa. Èkíní ni ẹ̀yáwó onígbà kúkúrú, ti oṣù méjìlá, tí wọ́n ń ka èlé rẹ̀ lóṣooṣù. Èkejì ni arákùnrin kan nínú ìjọ wa tó ṣe tán láti mú gbogbo owó tó kù wá, ṣùgbọ́n tó ní òun yóò gba ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, kí àwa mú ìdá kan. Ìyàwó mi ní àbùkù ni pé àwa la wá ilé rí, àwa la ó ṣe gbogbo iṣẹ́ iná inú rẹ̀, kí ó wá jẹ́ pé ìdá kan la ó jókòó tì. Inú èmi náà kò dùn sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ sọ fún mi pé Irvine Sellar, ẹni tó dá ilé Shard sílẹ̀, ilé gogoro onígíláàsì tó wà ní London Bridge, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún péré ló kù sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ nínú ilé náà. Ó yà mí lẹ́nu gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ ilé ní ìlú yìí, mo bẹ̀ yín, báwo ni ọkùnrin yìí ṣe rìn ín, kí ló sì mú un gba ìpín tó kéré tó bẹ́ẹ̀?

Bàbá Bírìkìlà, Peckham

Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè kí o tó tọwọ́ bọ̀wé. Láti ọdún 1986 ni mo ti ń mọ ògiri ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ra ilé, tí wọ́n ń tún un ṣe, tí wọ́n sì ń tà á ṣiṣẹ́, nítorí náà mo máa ń fetí sí ìtàn wọn. Ti Sellar yàtọ̀ ní ti pé kò bẹ̀rẹ̀ látorí ilé rárá. Aṣọ ló ń tà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó kúrò nílé ìwé, inú ọjà ló sì ti kọ́kọ́ pàtẹ kó tó ní ṣọ́ọ̀bù. Ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí gbogbo ọ̀dọ́ tó mọ̀ nípa oge ń fẹ́ ra aṣọ ní òpópónà Carnaby, ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí ń jẹ́ Mates. Ohun tó fi ta àwọn yòókù yọ ni pé ó ń ta aṣọ ọkùnrin àti ti obìnrin pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan náà, èyí tí kì í ṣe àṣà àwọn olùtajà ìgbà yẹn. Ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀, irú èyí tí àwa pè ní bọ́ńgò nílé, wà lára ohun tó fi ṣe owó. Ṣọ́ọ̀bù náà bí sí i títí ó fi súnmọ́ àádọ́rùn-ún káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tà wọ́n ní ọdún 1981.

Àwọn kan máa ń fo ibi yìí nínú ìtàn rẹ̀, wọ́n á ní aṣọ kì í ṣe ilé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù àádọ́rùn-ún ti bá ọ̀pọ̀ onílé jókòó, ó ti ka ìwé àdéhùn ayálégbé dé ibi tí lẹ́tà rẹ̀ kéré jù lọ, ó sì ti mọ̀ pé ọwọ́ òsì títì lè kún fún èrò nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dá páropáro. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ ilé. Ẹ̀kọ́ tìrẹ nínú èyí kò wọ́n: lọ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Thornton Heath yẹn ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí o tún lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí o ka iye ẹni tó kọjá níwájú rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, wọ inú ṣọ́ọ̀bù tó wà lápá ọ̀tún àti èyí tó wà lápá òsì, ra nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kí o sì béèrè bí ọjà ṣe ń lọ. Àlàyé tí wọ́n máa ṣe fún ọ, aṣojú tó ń bá onílé tà á kò ní ṣe é.

Ìyá Ìbejì, Old Kent Road

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Apá kejì ìtàn ọkùnrin náà ni mo fẹ́ kí àbúrò wa yìí gbọ́ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀ wà.

Lẹ́yìn tí Sellar ta ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀, ó kó sínú iṣẹ́ ilé pátápátá. Ilé-iṣẹ́ tó dá pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, Ford Sellar Morris, dàgbà ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí owó ilé ń gòkè bí iná ọyẹ́, tí báǹkì sì ń yá gbogbo ẹni tó bá wọ kóòtù wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1989, èlé tí báǹkì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ dé nǹkan bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó ń kọ́lé fi gbèsè ra ilẹ̀, ó fi gbèsè ra bíríkì, ilé kò tíì parí, ayálégbé kò tíì wọlé, ṣùgbọ́n èlé kì í sùn ní tirẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé wá dẹnu kọlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, iye tí ilé tó jálẹ̀, àwọn tí wọn ìbá gbà á kò yọjú, ilé-iṣẹ́ Sellar sì wó. Ẹni tó ti ní ṣọ́ọ̀bù àádọ́rùn-ún tẹ́lẹ̀ tún padà sẹ́yìn láti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọmọ ọgọ́ta ọdún.

Àbúrò mi, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ọdún 2007, èmi àti olóògbé ọkọ mi gba irú ẹ̀yáwó onígbà kúkúrú tí o dárúkọ yẹn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. 240,000 pọ́n-ùn ni a yá láti ra ilé kan tí a fẹ́ tún ṣe, kí a sì tà láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá kan àti ìlàrin nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan. Ó kéré létí. Ìgbà tí mo jókòó ṣírò rẹ̀ ni mo tó rí i pé 3,000 ni lóṣù, ìyẹn 100 pọ́n-ùn lójúmọ́. Mo mú kálámù, mo kọ 100 sórí ìwé, mo fi lẹ ara ìlẹ̀kùn fìríìjì, pé àràárọ̀ tí mo bá ti ń mú mílíìkì àwọn ọmọ, kí n máa rí i. Káfíńtà kò wá lọ́jọ́ Ajé, 100 ti lọ. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 100 tún lọ. Nígbà tí ọdún 2008 dé tí báǹkì kò yá ẹnikẹ́ni lówó láti ra ilé mọ́, oṣù mẹ́sàn-án di mọ́kàndínlógún, ilé-iṣẹ́ náà gba ilé, wọ́n tà á lówó pọ́ọ́kú, a sì ṣì jẹ wọ́n ní gbèsè. Títí di òní, bí mo bá rí ìwé lára fìríìjì ẹnikẹ́ni, àyà mi máa ń já.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ọ pé kí o má ṣe fi ìdá kan tí arákùnrin yẹn fún ọ wé ìdá márààrún tí o ò ní. Fi wé ohun tó lè kù sí ọ lọ́wọ́ bí ẹ̀yáwó oṣù méjìlá bá kọjá oṣù méjìlá.

Olùṣètò Ìlú

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní káńsù kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni láti yẹ ìwé àṣẹ ìkọ́lé wò, ẹ jẹ́ kí n tẹ̀síwájú níbi tí Ìyá Ìbejì dé.

Ní ọdún 1998, Sellar àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ra Southwark Towers, ilé alájà mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ti kọ́ láti àwọn ọdún 1970 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin London Bridge. Àwọn ènìyàn rí i bí àpótí ọ́fíìsì àtijọ́ kan lásán. Ohun tí Sellar rí ni pé ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìlànà jáde tó ń gbani níyànjú láti kọ́ ilé gíga sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì ti pàdé, ibùdókọ̀ náà sì wà lábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Ní ọdún 2000, ó lọ bá Renzo Piano, ayàwòrán ilé ọmọ Ítálì, ní Berlin. Wọ́n jọ jẹun ọ̀sán. Piano kọ́kọ́ sọ fún un pé òun kò fẹ́ràn ilé gogoro rárá, lẹ́yìn náà ló yí ìwé tí wọ́n kọ orúkọ oúnjẹ sí padà, ó sì ya ohun kan tó rí ṣóńṣó sẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé ó ń yọ láti inú odò Thames, bí òpó ọkọ̀ ojú omi ìgbà àtijọ́.

Àwòrán kò pẹ́, àṣẹ ló pẹ́. Àjọ tó ń dáàbò bo àwọn ilé ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tako ilé náà, wọ́n ní yóò dà bí àfọ́kù gíláàsì tí a fi gún Lọ́ńdọ̀nù àtijọ́ láyà. Ọ̀rọ̀ àtakò yẹn gan-an, Shard, ìyẹn àfọ́kù, ni ilé náà wá fi ṣe orúkọ. Ní ọdún 2002, John Prescott tó jẹ́ igbákejì olórí ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe ìwádìí ní gbangba. Wọ́n jókòó sí i ní ọdún 2003, a sì fọwọ́ sí ilé náà ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣírò-owó ńlá kan ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú Southwark Towers lábẹ́ àdéhùn, wọ́n sì ní láti kó jáde kí ẹnikẹ́ni tó lè wó ògiri kan. Oṣù kẹta ọdún 2009 ni iṣẹ́ ìkọ́lé tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ra ilẹ̀ títí di ìgbà yẹn, ọdún mọ́kànlá ni.

Kí o tó sanwó, ohun méjì ni mo fẹ́ kí o wádìí. Àkọ́kọ́, ǹjẹ́ àṣẹ wà láti sọ òkè ṣọ́ọ̀bù náà di ilé gbígbé méjì? Bí ẹni tó ń tà á bá ní àṣẹ ti wà, béèrè ọjọ́ tí wọ́n fún un, torí pé lásìkò yìí ọdún mẹ́ta ló sábà máa ń ní kó tó kú bí iṣẹ́ kò bá bẹ̀rẹ̀. Èkejì, ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀? Òfin ọdún 1954 lórí onílé àti ayálégbé lè fún oníṣòwò tó wà níbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gba àdéhùn tuntun nígbà tí tàtijọ́ bá parí. O lè ra ilé tán kí o má sì lè lé ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Bermondsey

Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ Shard. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, mo jáde níṣẹ́ láàárọ̀, mo bá ọkọ̀ àpòpọ̀ kọnkéré tí wọ́n tò gbọọrọ lójú títì, tí ikùn wọn ń yí, tí ọ̀kan ń jáde tí òmíràn ń wọlé. Mo padà síṣẹ́ lálẹ́, wọ́n ṣì ń wọlé. Lẹ́yìn náà ni mo kà á pé nǹkan bí 700 ọkọ̀ ni wọ́n lò láàárín wákàtí 36 láti da ìpìlẹ̀ náà, tó gba 5,500 kúbíìkì mítà. Kọnkéré irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró láàárín kan kí apá kan gbẹ ṣáájú èkejì.

Èyí tó tún yà mí lẹ́nu jù ni pé wọn kò dúró de ìsàlẹ̀ kó parí. Bí àwọn kan ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ni àwọn mìíràn ń gbé ọwọ̀n àárín ilé náà lọ sókè; ó ti ga tó àjà mẹ́tàlélógún kí wọ́n tó gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tán. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi bẹ́ẹ̀ jèrè. Ẹ̀gbọ́n oníná, ìwọ mọ̀ ju mi lọ pé bí o bá jẹ́ kí oníṣẹ́ páìpù parí kí o tó wọlé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ. Kọ ètò ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí o tó gba kọ́kọ́rọ́.

Lọ́yà Ìdílé

Mo dúró kí àwọn àgbà sọ̀rọ̀ tán ni, kí n tó bọ́ sí ọ̀rọ̀ ìpín gan-an.

Nígbà tí Sellar gba àṣẹ, kì í ṣe òun nìkan ló ni iṣẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ CLS Holdings àti oníṣòwò Simon Halabi jọ ní ìpín níbẹ̀. Ọdún 2007 wá dé, owó báǹkì bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ káàkiri ayé, iṣẹ́ náà sì fẹ́ dákú. Ní oṣù kìíní ọdún 2008, àwọn olùdókòwò láti orílẹ̀-èdè Qatar wọlé pẹ̀lú 150 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, wọ́n gba ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ra àwọn alájọṣe méjèèjì yẹn jáde. Lẹ́yìn náà, ìpín Qatar di ìdá márùndínlọ́gọ́rùn-ún, ti ilé-iṣẹ́ Sellar sì di márùn-ún. Àbúrò, ṣé o rí i pé ìdá ọgọ́rin tí wọ́n kọ́kọ́ gbà yẹn náà ni arákùnrin inú ìjọ yín ń béèrè?

Ohun tí mo fẹ́ kí ìyàwó rẹ gbé yẹ̀wò ni èyí. Ní ọdún 1990, ìpín Sellar pọ̀, gbèsè rẹ̀ náà sì pọ̀. Nígbà tí ìjì dé, ìpín ńlá yẹn ló fa gbogbo rẹ̀ lọ. Ní ọdún 2008, nígbà tí ìjì tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ dé, ìpín rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n owó tó wà nínú iṣẹ́ náà kì í ṣe owó tí báǹkì lè sáré béèrè padà lóru. Àwọn tó ń kọ́ ilé gíga mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù dáwọ́ iṣẹ́ dúró lásìkò yẹn. Tirẹ̀ ń gòkè. Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà: kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ilé ìtura Shangri-La àti àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ní Lọ́ńdọ̀nù ti fọwọ́ sí i pé àwọn yóò gba àyè níbẹ̀. Bí àjọ ìrìnnà náà tilẹ̀ padà yọwọ́, ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, torí kò sí olówó tí kì í fọkàn balẹ̀ nígbà tó bá rí ayálégbé tó ti ń dúró.

Ní tìrẹ wàyí. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kó má ní ààlà, áńbọ̀sìbọ́sí ti ará ìjọ. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ìwé ìpín fún yín, kí orúkọ ìwọ àti arákùnrin náà wà lórí ilé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí oníkálukú ní ìpín tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí iye ìpín sì hàn kedere, nítorí bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ ní ti pé ẹ jọ ni í láìpín, ẹni tó bá kọ́kọ́ kú, ti ẹnìkejì ni gbogbo rẹ̀ yóò dà, àwọn ọmọ rẹ kò sì ní rí nǹkan kan gbà. Kí iṣẹ́ iná tí o máa ṣe ní iye tí a kọ sílẹ̀, yálà kí wọ́n san án fún ọ tàbí kí a kà á mọ́ ìpín rẹ. 68,000 nínú 500,000 tí ilé àti àtúnṣe rẹ̀ máa jẹ kò tó ìdá mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ìdá ogún tó fún ọ ti ka nǹkan kan sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ìwọ ló máa wò ó bóyá ó tó. Kí ẹni tó bá fẹ́ ta ìpín tirẹ̀ kọ́kọ́ fi lọ ẹnìkejì. Lékè gbogbo rẹ̀, béèrè bóyá owó tí arákùnrin náà ń mú bọ̀ jẹ́ tirẹ̀ tàbí òun náà fẹ́ lọ yá a. Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ yá a, tí wọ́n sì ní kí ìwọ náà wá fọwọ́ sí i pé ìwọ yóò san án bí kò bá san án, a jẹ́ pé ìdá kan nínú èrè lo ní, ṣùgbọ́n odindi gbèsè ló wà lọ́rùn rẹ. Má ṣe gba irú ìyẹn láéláé.

Ní ti owó orí, torí pé ṣọ́ọ̀bù àti ilé gbígbé ló wà pọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe òṣùwọ̀n ilé gbígbé, èyí tí wọ́n ń fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé fún ẹni tó bá ti ní ilé mìíràn, ni ìjọba yóò fi ṣírò owó òǹtẹ̀ rẹ̀, ìyẹn owó orí tí ẹni tó ra ilé ń san. Lórí 410,000, bí òfin ṣe wà báyìí, 10,000 pọ́n-ùn ni yóò jẹ́. Kí lọ́yà rẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ẹni tó ń tà á ti yàn láti máa gba owó orí ọjà (VAT) lórí ilé náà. Bó bá ti yàn bẹ́ẹ̀, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lè gun orí iye náà, ẹ kò sì mú un mọ́ ìṣirò yín.

Ará Southwark Láti Kékeré

Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi kiní kan kún un, nítorí Southwark ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni ìyá mi ti tọ́ wa. Ilé Shard yẹn ga tó 310 mítà, ó ní àjà 72 tí ènìyàn lè lò, ó sì ní nǹkan bí 11,000 abala gíláàsì. Ilé gbígbé mẹ́wàá péré ló wà nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe ti irú wa. Iye ọdún tí àwọn ẹbí mi fi dúró de ilé káńsù ní àdúgbò kan náà dùn mí. N kò sọ pé kí àbúrò má ra ilé. Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ ni pé nígbà tó bá tún òkè ṣọ́ọ̀bù yẹn ṣe tán, kó rántí pé ìdílé kan ni yóò gbé ibẹ̀. Kó ṣe é kí ooru má jò jáde, kí ògiri má máa lààgùn, kó má sì gé yàrá kéékèèké bí ilé ẹyẹlé torí owó.

Bàbá Bírìkìlà, Peckham

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, ọmọ mi. Ògiri tó ń lààgùn ló ń ba àyà ọmọdé jẹ́. Kí oníná yìí fi fáànù tó ń fa ooru jáde sí bálùwẹ̀ àti ilé ìdáná láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má dúró kí ògiri bu kó tó ṣe é.

Mo fẹ́ fi ohun kan kún ti Sellar. Wọ́n ṣí Shard ní oṣù keje ọdún 2012, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè rẹ̀ lọ wòran ní oṣù kejì ọdún 2013, àmọ́ ọ̀pọ̀ àjà ọ́fíìsì rẹ̀ ló ṣófo nígbà náà. Ó gba ọdún díẹ̀ kó tó kún. Bó bá jẹ́ owó tó ń béèrè èlé lóṣooṣù ni wọ́n fi kọ́ ọ ni, òfìfo yẹn ìbá ti pa á. Lẹ́yìn náà, ó tún mú ilé gogoro mìíràn wá fún Paddington, òun àti Piano kan náà. Ariwo pọ̀. Dípò kí ó lọ bá wọn jà fún ọdún mẹ́ta bíi ti àkọ́kọ́, ó fà á padà, ó gbé ilé onígun mẹ́rin tó kéré gan-an wá, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní oṣù kejìlá ọdún 2016. Oṣù kejì ọdún 2017 ló kú, lẹ́ni ọdún méjìlélọ́gọ́rin; ọmọ rẹ̀ ló bá iṣẹ́ náà lọ.

Ọmọ Ọ̀fà ní Camberwell

Ẹ̀yin àgbà mi, mo dọ̀bálẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ lánàá, ó tilẹ̀ kà ti Ìyá Ìbejì lẹ́ẹ̀mejì.

A lọ sí Thornton Heath láàárọ̀ òní. Onígbàjámọ̀ kan ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, kò sì fẹ́ kúrò. Mo gẹrun lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín ogójì ìṣẹ́jú tí mo fi jókòó, ènìyàn méje ló wọlé. Ìyàwó mi, tó dúró síta pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ka ènìyàn 212 tó kọjá láàárín wákàtí kan. Ọkùnrin náà ní òun ṣe tán láti bu ọwọ́ lu àdéhùn ọdún márùn-ún pẹ̀lú onílé tuntun bí wọ́n bá lè bá òun tún páìpù ẹ̀yìnkùlé ṣe. Ó dà bíi pé ayálégbé wa ti wà nílẹ̀ ṣáájú ilé.

A ti pa ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó oṣù méjìlá tì. Ọjọ́bọ̀ ni sọ́fíyọ̀ yóò lọ yẹ òrùlé àti ìpìlẹ̀ ilé náà wò, ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn la ó jókòó pẹ̀lú arákùnrin náà. Mo ní kí ìyàwó mi kọ àwọn ìbéèrè tí a máa bá a lọ. Mo rò pé ìdá mẹ́rin àti ìdá kan ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kọ sí ìlà àkọ́kọ́ ni pé: “Owó yìí, ṣé tiyín ni, àbí ẹ fẹ́ lọ yá a? Bí ẹ bá fẹ́ yá a, orúkọ ta ni yóò wà nísàlẹ̀ ìwé?”